Ẹ̀jẹ́ Tí Ìlú Ináòkú Fi Ẹnu Ọdẹ Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ináòkú tí ẹ wà nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́n káàkiri bí òwú àràbà, ẹ jókòó. Ẹni tí ó bá ní àga kí ó fi fún aláboyún, ẹni tí kò bá ní kí ó fi ìdí kan ilẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lóòró. Ibi tí mo wà jìn, ohùn mi kò lè dé etí yín, ìdí nìyí tí mo fi gbé e lé ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ kà á sókè ní gbangba, kí ẹni tí ń kà á má sì ṣe sáré. Àgbà ni ó kọ ọ́, àgbà kì í sáré nínú ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Èmi ni mo dúró níwájú ẹfọ̀n nínú Igbó Ìdágìrì, tí ẹfọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kí ó lọ bi ẹfọ̀n náà léèrè, bí ó bá lè rí i. Awọ rẹ̀ ni mo fi ṣe bàtà. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹfọ̀n ni wọ́n fi mọ̀ mí jù. Ẹnu mi ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bí Ọdẹ́rìndé bá sọ pé òun rí àgbọ̀nrín lẹ́yìn òkè, àwọn ìyàwó ọdẹ á ti gbé omi ọbẹ̀ kaná. N kò purọ́ rí, kì í sì í ṣe ìwà rere nìkan ni. Ọ̀lẹ ni mí nínú irọ́. Irọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́ bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀, òtítọ́ a máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ kiri.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú yín ti rí nígbà náà. Kànga epo rọ̀bì kan wà lẹ́yìn odi, ibẹ̀ ni ọrọ̀ wa ti ń wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà ni iná kan ń jó, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, kì í sùn, òjò kì í pa á. Àwọn ìyá wa ń sá láfún sí ẹ̀bá rẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kàwé ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Epo yẹn ni a fi kan páànù sórí ilé, òun ni a fi tọ́ nọ́ọ̀sì àti tíṣà, òun ni Oníná, ọba wa, fi ṣe ilẹ̀kùn onídẹ sí ààfin. N kò ní bú u. Ẹni tí ó fi dòdò yó kì í dúró ní gbangba kí ó máa sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ burú.

Ṣùgbọ́n ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Òjò àkọ́rọ̀ ń pẹ́ dé bí àlejò tí kò mọ ilé. Ìgbà tí ó bá sì dé, á dé bí jàgùdà, á gbé òrùlé, á gbé afárá, á gbé ọmọ. Òkun ń wú bí omi ẹ̀kọ tí ó fẹ́ hó. Nígbà náà ni Ìyá Olójò, ẹni tí ìkòkò òjò gbogbo ayé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ránṣẹ́ sí ìlú gbogbo pé kí wọ́n wá bá òun ní Òkè Àpérò. Ó ní iná yín ti pọ̀ jù, èéfín yín ti dí ìkòkò mi lẹ́nu. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan wá sọ èyí tí yóò pa nínú iná rẹ̀, kí ó sì mú ògúnná kan dání láti inú iná tí ó tóbi jù nílé, nítorí ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Oníná pè mí sí ààfin. Olóyè Látúbọ̀sún, ẹni tí ó ń ṣàkóso kànga, jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara.

"Ọdẹ́rìndé," ni ọba wí, "ìwọ ni yóò lọ sí Òkè Àpérò fún wa."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ọdẹ lásán ni mí. Olóyè Látúbọ̀sún mọ ọ̀rọ̀ í sọ jù mí lọ."

Látúbọ̀sún rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n sọ, ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ yọjú wo òkè."

"Ìdí nìyẹn tí a fi ń rán ọ," ni ọba wí. "Sọ fún wọn pé a kò ní gbẹ́ kànga mìíràn mọ́. Sọ fún wọn pé iná ńlá yìí, a ó máa bù ú kù lọ́dọọdún títí yóò fi kú."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe, Kábíyèsí?"

Ọba wo Látúbọ̀sún. Látúbọ̀sún wo abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ ṣáà lọ sọ ọ́," ni ọba wí. "Ẹnu rẹ dùn létí àwọn ènìyàn."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ òkété lábẹ́ ilẹ̀, n kò gbọ́ pé ọba kò dáhùn ohun tí mo bi í.

Mo bu ògúnná láti inú iná ńlá, mo fi eérú bò ó nínú ìkòkò kékeré kí ó má baà kú lọ́nà, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Àìpadà. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, ìwé yóò tán, oorun yóò sì máa kùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìlú Ẹlẹ́numéjì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnìkejì ìrìn-àjò.

Àwọn ará ìlú yìí ní ẹnu kan níwájú bí tiwa, wọ́n sì ní òmíràn ní ìpàkọ́, wọ́n fi gèlè tàbí fìlà bò ó. Ẹnu iwájú ni wọ́n fi ń kí àlejò, ti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tí wọ́n yàn láti lọ sí Òkè Àpérò ni ó dá mi dúró ní ẹnubodè. Agbààwẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

"Kò sí oúnjẹ ní ìlú yìí," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìpàkọ́ rẹ̀ ń run egungun wàràwàrà. "Ààwẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà nítorí ayé tí ó gbóná. Bí o bá fẹ́ kọjá, wá já àlọ́ mi."

"Pa á."

"Kí ni ènìyàn fi fún ẹlòmíràn tí ó ṣì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbà á padà, ọwọ́ àwọn méjèèjì á ṣófo?"

Mo ro iṣu, mo ro iná, mo ro ìyàwó, kò bára mu. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ìlérí ni."

Ẹnu iwájú rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ti ẹ̀yìn náà dákẹ́ jíjẹ. "O gbọ́n fún ọdẹ," ni ó wí. "Jẹ́ ká jọ máa lọ. Òtítọ́ inú mi ni pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà mí."

Bí a ti jáde nínú igbó, a dé etí odò kan tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Lórí àpáta tí ó wà láàárín rẹ̀ ni Ọ̀gbẹlẹ̀ jókòó sí. Ara rẹ̀ pupa bí ilé ikán, ètè rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ki ọparun oníhò bọ inú ìyókù omi náà, ó ń fà á mu bí ọmọ tí ń fa ọmú.

"Ọdẹ, yà fún mi," ni ó wí. "Mo ti yó, n kò fẹ́ jà."

"Bí o bá ti yó, fi omi sílẹ̀ kí ẹlòmíràn rí mu."

Ọ̀rọ̀ náà kò bá a lára mu. Agbààwẹ̀ ti wà lórí igi kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gbẹlẹ̀ fò mọ́ mi, a wọ ìyá ìjà. Ó di yanrìn, mo fi ẹ̀wù gbá a jọ. Ó di ẹ̀gún, mo dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó di atẹ́gùn gbígbóná, mo fà á símú, mo sì sín in jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kò sí ọkùnrin mìíràn ní Ináòkú tí ó ti sín Ọ̀gbẹlẹ̀ rí. Níkẹyìn mo gba ọrùn rẹ̀ mú, mo fi eékún kàn án láyà, ojú rẹ̀ ti ń yí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ọ̀nà ọ̀fun tí mo fún pọ̀.

"Ọdẹ Ináòkú," ni ó wí, "o di ọ̀fun mi mú. Ta ni ó di ẹni tí ń fi ṣíbí bọ́ mi mú? Pa mí níhìn-ín, n ó jí lẹ́yìn odi ìlú yín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná fún mi."

Mo tú u sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gbé ọparun rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìsáré.

"O ṣe é bí akọni, ọ̀rẹ́ mi," ni Agbààwẹ̀ wí láti orí igi. "Àdúrà ni mo ń gbà fún ọ." Èèpo ẹ̀pà ń já bọ́ láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

A dé Òkè Àpérò. Ibẹ̀ ni àwọsánmà ti ń sinmi bí àgùntàn tí ó jẹko yó. Ìyá Olójò jókòó lórí ẹní, irun rẹ̀ funfun gbòò, ìkòkò òjò wà níwájú rẹ̀, ó tóbi tó ilé, ọmọrí rẹ̀ dúdú fún èéfín. Àwọn aṣojú ìlú tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹnì kan wá láti Ìlú Yìnyín, tí ara rẹ̀ ń kán tó-tó-tó sórí ilẹ̀, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí n má baà tán lórí ìdúró." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tí mo rántí ẹ̀rín náà tí ojú kò tì mí, nítorí kí ó tó kan òun, ó ti kéré tó ọmọ ọwọ́.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Omítọ́lá, ará Orí-Yanrìn. Orí yanrìn tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà ni ìlú tirẹ̀ wà. Aṣọ rẹ̀ tutù látìsàlẹ̀ dé orúnkún, kì í gbẹ, bí ó tilẹ̀ jókòó sínú oòrùn.

Àwọn ìlú ńláńlá, tí wọ́n ti ń dáná kí a tó tẹ Ináòkú dó, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa pa iná. Nígbà tí ó kàn mí, mo dìde.

"Ẹ̀yin bàbá wa," ni mo wí, "ẹ ti sun ẹran yín, ẹ ti jẹ ẹ́ tán, ẹ wá ń sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ná pé èéfín ń ta yín lójú. Ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀, mo sì ní láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ń jó kì í béèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣáná. Ináòkú kò ní gbẹ́ kànga mìíràn mọ́. Iná wa ńlá, a ó máa bù ú kù títí yóò fi kú. Oníná ni ó rán mi."

Gbogbo òkè ho yèè. Àwọn ìlú ńlá gan-an pàtẹ́wọ́. Mo bọ ògúnná wa sínú omi tí Ìyá Olójò gbé sílẹ̀, ó dún ṣìì, ó di èédú. Ìyá Olójò wo èédú náà títí, ó wá sún ọmọrí ìkòkò díẹ̀. Ìrì tutù kan fẹ́ sí wa lára. Ẹni tí ó ti ń gbé inú ẹ̀ẹ̀rùn láti kékeré nìkan ni ó lè mọ bí ó ti rí.

Nígbà tí a túká fún oúnjẹ, Omítọ́lá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọdẹ, n kò wá láti pàtẹ́wọ́," ni ó wí. "Àwọn ènìyàn mi ti kan ọkọ̀ ojú omi tí ó tó wọn kó lọ. Wọ́n ń retí mi. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ, wọn á fi ibojì àwọn bàbá wọn sílẹ̀ fún òkun, wọn kò ní padà mọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n dúró, pákó ọkọ̀ yẹn ni a ó fọ́, a ó fi ṣe òpó ilé àti ìdènà omi. Pákó kan náà ni, kò tó ṣe méjèèjì. Ṣé kí wọ́n dúró?"

"Kí wọ́n dúró."

"Kí ni àwọn ènìyàn yín fi ń ṣe ẹ̀rí bí wọ́n bá ṣèlérí lórí ọ̀rọ̀ iná?"

Mo sọ àṣà wa fún un. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọdẹ bá fẹ́ sun igbó, ọdẹ kan á kọ́kọ́ lọ bá olóko tí ó wà nítòsí. Olóko á ní, "Ṣé kí n wa iṣu mi, tàbí kí n fi í sílẹ̀?" Bí ọdẹ bá ní, "Fi í sílẹ̀, iná wa kò ní kọjá ààlà," á so ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ igi ààlà oko náà. Bí iná bá kọjá, ì báà jẹ́ ẹlòmíràn ni ó ṣá a, ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ wà lórí igi ni yóò kó lọ sí oko náà, yóò máa sin olóko títí ohun tí iná jó yóò fi hù padà.

Omítọ́lá tẹ́wọ́. Mo fa ọ̀bẹ mi yọ, mo fi lé e lọ́wọ́. Kò dúró jẹun. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti lọ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fọ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ tí a fẹ́ túká pátápátá ni ó ṣẹlẹ̀. A jókòó yí omi náà ká, èédú ìlú gbogbo wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní òun ń gbóòórùn epo. Mo wo inú omi. Èédú tiwa ti pupa ní àárín bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó pọ́n, ó gbiná lábẹ́ omi níbẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo mọ̀ pé nílé, ní wákàtí yẹn, wọ́n ti ṣí kànga tuntun.

Ìyá Olójò kò bínú. Ó sún ọmọrí rẹ̀ padà, ìrì náà dá. "Ọmọ mi," ni ó wí, "ṣé ìwọ mọ̀?"

"Ìyá, n kò mọ̀."

"Mo rí i pé o kò mọ̀. Ìyẹn ni ó burú jù."

Agbààwẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ gbá ikùn. "Ẹ ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ pé a lẹ́nu méjì," ni ó wí. "Ó kéré tán, orí kan ni méjèèjì tiwa wà. Àwọn wọ̀nyí fi ọ̀kan sílé, wọ́n wá gbé ọ̀kan rìnrìn-àjò." Ẹ̀rín gba òkè kan. Àwọn ìlú ńlá rẹ́rìn-ín jù, nítorí wọ́n ti rí ohun tí wọn yóò fi bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú èédú tirẹ̀ kúrò nínú omi, ó ní bí Ináòkú kò bá pa tirẹ̀, ta ni àwọn ń pa tàwọn fún? Òmíràn mú tirẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn.

N kò rántí bí mo ti délé. Èéfín tuntun ni mo kọ́kọ́ rí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ bí ìyàwó tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyálé. Oníná ń jẹun nígbà tí mo wọlé.

"Ọdẹ́rìndé, káàbọ̀. Ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́, Kábíyèsí. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó fọwọ́. "Jókòó. O rò pé inú mi dùn? Nọ́ọ̀sì ń béèrè owó oṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ ń jò. Àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ fún ọ, ta ni nínú wọn tí ó fi nǹkan rán ọ sí wa pé kí a fi rọ́pò epo? Ṣé àtẹ́wọ́ ni n ó bù sínú abọ́ àwọn ọmọ? Bí mo bá ti kànga pa lónìí, lọ́la àwọn ará ìlú yìí kan náà ni yóò lé mi kúrò lórí oyè, ìwọ yóò sì wà nínú wọn."

Èyí tí ó sọ yìí, n kò lè sọ pé irọ́ ni. Ọdún tí mo fi ń rò ó pọ̀, n kò tíì rí èsì rẹ̀ tán. "Kábíyèsí," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ kò fi ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ǹ bá sọ ọ́. Ǹ bá ní, ebi ń pa wá, ẹ ràn wá lọ́wọ́ kí á tó pa á. Wọn ì bá gbà mí gbọ́."

Látúbọ̀sún ni ó dá mi lóhùn láti igun ilé. "Ẹni tí ó tọrọ, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣèlérí, wọ́n á fi í sí iwájú."

"Obìnrin kan ti fọ́ ọkọ̀ ìlú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ọ̀bẹ mi sílẹ̀ fún un."

Ọba gbé ojú kúrò lára mi. "Mo mọ àṣà náà," ni ó wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀jẹ́ tí ọdẹ bá jẹ́, ọdẹ ni ń san án. Kò kan ìlú. Mo rò ó kí n tó rán ọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ọba ni. Mo dìde, mo kí ìyàwó mi Ẹ̀bùndọlá pé ó dìgbà, ó ní kí ni mo jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe báyìí. Mo bọ́ sọ́nà.

Orí-Yanrìn kò rí bí mo ti rò. Òkun ti gba ọ̀wọ́ ilé iwájú. Òpó tí wọ́n fi pákó ọkọ̀ ṣe dúró nínú omi, ẹyẹ òfú bà lórí wọn. Omítọ́lá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Mo rò pé o kò ní wá," ni ó wí.

"Àṣà wa ni."

"Ìlú yín ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni."

Ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tí ó rò pé bóyá àwọn yòókù ṣì ń bọ̀. "Ó dáa. A kò ní oko níhìn-ín. Yanrìn ni oko wa. Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri."

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ru yanrìn. A ń kó o láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkun, òkun ń jẹ ẹ́, a tún ń kó o. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Oníná, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí. Irun mi funfun síbẹ̀. Ẹ̀bùndọlá kú, ojú mi kò kàn án. Oníná wàjà. Mo gbọ́ pé Látúbọ̀sún náà ti lọ. N kò bínú sí wọn mọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìlú wa ní ẹnu kan tí gbogbo ayé gbà gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sì lò ó.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọkọ̀ kékeré kan gúnlẹ̀ ní etí ọ̀sà wa. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, Moróunrántí ni mí, ọmọ Olóyè Látúbọ̀sún," ni ó wí. "Ọba tuntun ni ó rán mi. A ti dí àwọn kànga tuntun. Iná ńlá, a ti bù ú kù débi pé ọmọdé lè wo òkè rẹ̀. Ebi pa wá kí á tó ṣe é, Bàbá, ṣùgbọ́n a ṣe é. Mo gbé ògúnná wa dé Òkè Àpérò, mo bọ̀ ọ́ sómi, ó kú, kò jí mọ́. Wọ́n ní òkúta ni mo fi nǹkan dúdú kùn. Wọn kò tilẹ̀ bínú, wọ́n kàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹnu yín ni wọ́n mọ̀."

Òótọ́ ni ó ń sọ. Mo mọ̀ bí ọdẹ ṣe ń mọ̀: láti bí ọdún kan ni mo ti ń rí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ń fò bọ̀ láti apá ilé wa, apá tí ẹyẹ kankan kì í gbà tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ti wà ní yíyá, ọwọ́ Omítọ́lá ni ó wà. Mo mú Moróunrántí lọ bá a.

Omítọ́lá ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìdá a dúró. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀ dáadáa. Bàbá yìí náà sọ ọ́ dáadáa nígbà tirẹ̀. N kò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ta ni nínú yín tí yóò dúró níhìn-ín, tí yóò máa bá wa ru yanrìn, títí a ó fi rí i pé òkun ń fà sẹ́yìn? Kì í ṣe ọdẹ. Ọmọ ààfin ni mò ń wí. Bí ẹ bá fi ara yín sí ibi tí omi yóò dé, èmi fúnra mi ni n ó gun Òkè Àpérò lọ sọ fún wọn pé òótọ́ ni."

Moróunrántí wo òkun. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ògiri. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, mo sì rí i pé ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

"Ìyá," ni ó wí, "ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè nílé."

"Máa lọ béèrè," ni Omítọ́lá dáhùn. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ń dá ọmọ padà sí ọjà nítorí ó gbàgbé iyọ̀.

Kò tíì sí ẹni tí ó padà wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, tí mo sì ní kí ẹ kà á sókè. Ẹ má yan ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ayé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tó. Ẹ wá ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi, tí ó sì lè fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbé apẹ̀rẹ̀ kíkún mọ́, ìlàjì ni mò ń rù.

Omi wọ ẹnu ọ̀nà Omítọ́lá ní òwúrọ̀ yìí. A gbé àga rẹ̀ lé orí pẹpẹ, mo fi aṣọ gbígbẹ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń gbà wá láti apá ilé wa. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo sì lọ ru yanrìn.